Ẹ má rọ epo pupa fún ewúrẹ́ yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdààmú. Ẹ ní ẹ fi ọ̀tá-pìyàpìyà wẹ ewúrẹ́ yín nítorí eégbọn, itọ́ wá ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń gbọ̀n, aládùúgbò sì ní kí ẹ rọ epo pupa fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ ọ́. Ohun tí mo ṣe ní 2018 nìyẹn, mo sì sin ẹran mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Méje ni mo ní. Eégbọn kún etí àti abẹ́ ìrù wọn. Mo da odindi ìgò ọ̀tá-pìyàpìyà kékeré kan, irú èyí tí NAFDAC fòfin dè ní 2019, sínú omi, mo fi kànrìnkàn rẹ́ wọn lára. Kò pẹ́ tí itọ́ fi ń fà lẹ́nu ìyá wọn, olóyún ni, ó gùn kanlẹ̀ bí okùn ilá. Ó ń yàgbẹ́ gbuuru, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo wo ẹyinjú rẹ̀: dúdú ibẹ̀ ti sún kì, ó ku tín-ín-rín. Bó bá mí, ẹ ó gbọ́ ọ bí omi tó ń hó nínú ìkòkò. Mo la ẹnu rẹ̀, mo rọ epo. Kò lè gbé e mì, epo gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ọwọ́ mi ló kú sí.

Dókítà ẹran ló là mí lóye: awọ ara ni májèlé yẹn ń gbà wọlé, kò dìgbà tí wọ́n bá lá a. Kì í jẹ́ kí iṣan sinmi, títí èémí á fi pin.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà báyìí, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ dáadáa, títí dé etí àti abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ti ń fọ̀ ọ́, kí ẹnì kan máa pe dókítà ẹran, kó gbé abẹ́rẹ́ atropine, ẹ̀rọ̀ májèlé yìí, dání. Abẹ́rẹ́ yẹn ló gba mẹ́rin tó kù là fún mi, dókítà sì gún wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí itọ́ tún padà lálẹ́. Ẹ tọ́jú ìgò náà kó lè ka ohun tó wà lára rẹ̀.

Bó bá kú, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúńbú rẹ̀ fún jíjẹ, ẹ má sì sọ ìfun rẹ̀ fún ajá. Ẹ sin ín jìn, níbi tó jìnnà sí kànga.

Ẹ pe dókítà ẹran ná. Ọ̀rọ̀ eégbọn ṣì lè dúró.