Mo fẹ́ kó kúrò nílé tí àwa mẹ́ta jọ gbà ní Yaba. Ta ni yóò dá owó kọ́ṣọ̀n mi padà, ìyẹn owó tí mo fi sílẹ̀ nítorí ohun tó bá bàjẹ́ nílé?

Bí orúkọ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà nínú ìwé àdéhùn, onílé lè di owó náà mú títí ilé yóò fi ṣófo. Nítorí náà, ọwọ́ ẹni tó ń bọ̀ wá rọ́pò rẹ ni kí o ti gba ìpín rẹ, kó tó gba kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá sí arọ́pò, kí ìwọ àti àwọn méjì tó kù jọ sọ bí ìpín rẹ yóò ṣe padà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jọ yẹ yàrá náà wò kí o tó jáde, ẹ ya fọ́tò, ẹ ka mítà iná. Ẹni tó fọ́ síǹkì ni kó tún un ṣe. Ọ̀dà tó ṣá fúnra rẹ̀ kì í ṣe gbèsè ẹnikẹ́ni, má gbà kí wọ́n yọ ọ́ lára owó rẹ.

Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní kí onílé fúnni ní rìsíìtì ọ̀tọ̀ fún owó yìí. Jọ̀ọ́, wá tìrẹ jáde báyìí. Bí ọ̀rọ̀ bá di ìjà, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó ń parí irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.