Wọ́n rí pólíìpù nínú ikùn mi: ṣé kí wọ́n wo ìfun ńlá náà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Inú tó ń ta mí bọ̀ sáyà ló gbé mi dé ọsíbítù. Wọ́n ti kámẹ́rà gba ọ̀fun wọ ikùn mi, wọ́n sì rí pólíìpù kéékèèké 5 níbẹ̀, ìyẹn ẹran tó hù sára ikùn nínú. Ẹni ọdún 52 ni mí, ó sì ti tó ọdún 3 tí mo ti ń lo omeprazole. Ẹnì kan ní bó bá ti wà nínú ikùn, ó wà nínú ìfun ńlá náà nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àìbalẹ̀ ọkàn. Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá, àmọ́ kò kan gbogbo èèyàn. Irú pólíìpù tó jẹ́ ló máa sọ. Nítorí náà, ẹ padà lọ béèrè èsì láàbù. Wọ́n sábà máa ń já díẹ̀ lára rẹ̀ lọ síbẹ̀, torí ojú lásán kò tó dá irú rẹ̀ mọ̀.

Fundic gland polyp ni mo kọ́kọ́ fura sí, nítorí omeprazole yẹn. Ó máa ń kéré, ara rẹ̀ a máa dán, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í yàtọ̀ sí ti ara ikùn tó yí i ká. Bí èèyàn bá pẹ́ lórí oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, ó lè yọ. Bó bá jẹ́ oògùn ló fà á, kì í sábà di jẹjẹrẹ, kò sì ní kí ẹ máa bẹ̀rù nítorí ìfun. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn náà dúró fúnra yín.

Ó tún lè jẹ́ hyperplastic polyp, tí ikùn tó ti wú tipẹ́ ń bí, pàápàá bí kòkòrò Helicobacter pylori bá wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fi oògùn pa kòkòrò náà, pólíìpù ọ̀hún lè súnkì, kó tiẹ̀ pòórá. Bí láàbù bá kọ adenoma, ìyẹn irú pólíìpù mìíràn, gígé ni wọ́n máa gé e, torí ìyẹn lè di jẹjẹrẹ.

Ibi tí ikùn àti ìfun ńlá ti tan mọ́ra gan-an ni àrùn ìdílé kan tí wọ́n ń pè ní FAP, tí jíìnì APC tó bàjẹ́ ń fà. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni pólíìpù ti ń hù nínú ìfun ńlá ẹni tó ní in, ó sì lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Bí wọn ò bá yọ ìfun náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yóò di jẹjẹrẹ. Fundic gland polyp yìí kan náà ló sì máa ń kún ikùn wọn. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń ní kí wọ́n wo ìfun bí a bá rí èyí tó ju 20 lọ, tàbí bí ẹni tó ní in kò bá tíì pé 40 ọdún. Tiyín kò jọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ béèrè nílé bóyá ẹnikẹ́ni ti ní jẹjẹrẹ ìfun lọ́jọ́ orí kékeré.

Ẹ̀wẹ̀, ọjọ́ orí yín nìkan tó láti ṣàyẹ̀wò ìfun ńlá. Láti 45 tàbí 50 ni ọ̀pọ̀ ìlànà ìlera ti ní ká bẹ̀rẹ̀, yálà a rí nǹkan nínú ikùn tàbí a ò rí. Adenoma inú ìfun máa ń lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di jẹjẹrẹ, kì í sì í dun èèyàn. Kámẹ́rà tó bá rí i náà ni wọ́n sábà máa ń tipasẹ̀ rẹ̀ gé e. Bí ẹ bá wá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbọ̀nsẹ̀, tàbí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ara yín kò tó, ẹ má dúró de èsì ti ikùn rárá kẹ́ ẹ tó lọ.