Ṣé ìgbàgbọ́ mi ló kéré tí ọkọ mi fi kú?

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo ń gbé, gàrí ni mo ń tà. Oṣù kẹjọ rèé tí ọkọ mi ti kú. Àìsàn kíndìnrín ló ṣe é, gbogbo owó wa ló sì bá a lọ. Mo jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ₦180,000, ọmọ mẹ́ta ṣì wà níléèwé. A gbààwẹ̀, a gbàdúrà títí ohùn fi há. Ní báyìí, bí mo bá sunkún ní ìpàdé àwọn obìnrin, wọ́n á ní àìnígbàgbọ́ ni. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ pé ká ní ìgbàgbọ́ mi tó ni, ọkọ mi ì bá má kú. Mi ò lè gbàdúrà mọ́. Bí mo bá kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í jáde. Ṣé kí n lọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21 lórí òkè?
Opó, Ìkọ̀lé-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kú ìrójú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ, ibi tó sì dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ìgbàgbọ́ rẹ kò tó.

Gbogbo wa ní Èkìtì la mọ ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí, ẹni tí àwọn aláìsàn ń rọ́ lọ bá nígbà ìsọjí ọdún 1930 ní Iléṣà. Ọdún 1959 ló sùn nínú Olúwa, ẹni ọdún 55 péré. Ta ni yóò dúró níbi sàréè yẹn kí ó ní ìgbàgbọ́ bàbá kò tó? Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ẹrù ikú ọkọ rẹ lé ọ lórí.

Nígbà tí àbíkẹ́yìn mi kú nínú jàǹbá ọkọ̀, oṣù mẹ́rin gbáko ni mi ò fi lè kọrin. Wọ́n ń wá kí mi, wọ́n ń ka ẹsẹ Bíbélì sí mi létí, mo ń ṣe àmín lásán. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá arúgbó kan nínú ìjọ wa wọlé pẹ̀lú iṣu mẹ́ta lórí. Kò gbàdúrà. Odó ló bèèrè. Odó tí mo dojú rẹ̀ dé lẹ́yìn ilé láti ọjọ́ ìsìnkú! Ó fọ̀ ọ́, ó se iṣu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Bí mo ṣe gbọ́ ìró ọmọ odó, mo bú sẹ́kún. Ó ń gún iyán rẹ̀ lọ, kò ní kí n dákẹ́. Ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́, ó fọ abọ́, ó lọ sílé.

Ọjọ́ yẹn ni ìtàn Èlíjà nínú Ọba Kìn-ín-ní orí 19 tó yé mi. Ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì kò bá a wí, oúnjẹ àti omi ló gbé fún un. Ó jẹ, ó sùn, wọ́n tún jí i kó jẹ sí i. Ẹ̀yìn èyí ni Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀. Nítorí náà, má gba ààwẹ̀ ọjọ́ 21 kankan báyìí. Jẹun. Sùn.

Ní ti àdúrà, ka Sáàmù 88 lálẹ́, ì báà jẹ́ ẹsẹ kan. Òkùnkùn ni ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn rẹ̀, ó sì wà nínú Bíbélì bẹ́ẹ̀. Ẹkún rẹ náà, àdúrà ni. Jésù alára sunkún níbi ibojì Lásárù.

Má sá fún àwọn alájẹṣẹ́kù. Lọ bá alága àti akápò kí oṣù tó parí, sọ iye tí agbára rẹ ká lóṣooṣù, kódà bó jẹ́ ₦5,000, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ bá pásítọ̀ rẹ, sọ iye gbèsè náà fún un láìfi bò. Kì í ṣe agbe lo ń ṣe. Ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 6: torí àwọn opó tí a gbàgbé nígbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ ni wọ́n ṣe yan ọkùnrin méje. Bí ojú bá ń tì ọ́, mú lẹ́tà mi yìí dání kí o fi hàn án.

Kọ̀wé sí mi tí o bá ti rí wọn.