Ìyá ọkọ mi ní a kì í ra nǹkan ọmọ sílẹ̀: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Oyún mi ti wọ oṣù kẹjọ, àkọ́bí sì ni. Ọ̀nà Ìkòyí-Ilé la ń gbé, ẹ̀yìn Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbàdàn lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wálé. Ìyá wọn ní a kì í ra nǹkan ọmọ kí ọmọ tó dé, pé aṣọ tí àwọn ọmọ àwọn lò ṣì wà nínú àpótí àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, kí ni kí n pèsè?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, Ọlọ́run á sọ̀ yín kalẹ̀ wẹ́rẹ́. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Ẹ má bá ìyá yín jà. Àgbàlagbà tó ti rí ọjọ́ tí wọ́n ń tú ẹrù ọmọ tí kò délé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fi bẹ́ẹ̀dì ọmọ àti aṣọ ìkómọ sílẹ̀ fún wọn, ọjà Tákìé ò ní sá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé aboyún fúnra rẹ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú àpò ilé ìwòsàn.

Àpótí yẹn ló kó ìpayà bá mi. Bí kánfọ̀ bá wà nínú ẹ̀, ìyẹn hóró funfun tí a fi ń lé aáyán, ẹ má fi aṣọ náà wọ ìkókó. Láàárín àwa Yorùbá, ọmọ tí èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó lára rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n, pàápàá ọmọkùnrin, a kò sì lè fojú mọ̀ ọ́n. Èròjà yìí ló ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn kánfọ̀ símú, tàbí tó gba awọ ara wọlé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè. Bó bá le, ó lè kan ọpọlọ, kí ọmọ tí a bí ní pípé wá di adití, tàbí ẹni tí kò lè dá jókòó. Mo ti gbé irú wọn lọ́wọ́. Ẹ ra aṣọ mélòó kan, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn, ó tó. Ẹ má fi róòbù tàbí ohunkóhun tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù pa á lára. Bí ojú ọmọ bá sì pọ́n, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe yíyá oòrùn òwúrọ̀.

Ẹ tẹ̀lé lísìtì tí wọ́n fún yín níbi tí ẹ ti gba káàdì. Kí àpò ti wà nílẹ̀ nígbà tí oyún bá pé ọ̀sẹ̀ 36: káàdì, páàdì ńlá, ìró tó mọ́, ràbà ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ, táwẹ́ẹ̀lì méjì, ọ̀kan láti nù ún gbẹ, èkejì láti fi wé e. Ẹ fi jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine tí a ń fi sí ìwọ́ kún un. Ìwọ́ nìkan o! Bó bá kan ojú ọmọ, ó lè bà á jẹ́.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò ṣeé dì sínú àpò, àwọn ló sì ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ta ni yóò gbé yín lóru? Ẹ bá onímọ́tò méjì sọ̀rọ̀, nítorí ẹnì kan lè pa fóònù rẹ̀. Ta ni yóò fún yín lẹ́jẹ̀? Kí ọkọ yín ti wá ẹni méjì tó ṣe tán kí oṣù tó parí. Ẹ béèrè bóyá ilé ìwòsàn ńlá ti Bowen tàbí ti LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọn yóò gbé yín lọ bí ọ̀rọ̀ bá le. Kí ọkọ yín sì sọ ọ́ létí ìyá wọn pé bí dókítà bá ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n má dúró de òun láti Ìbàdàn. Mo rántí aboyún kan tí a fi wákàtí méjì pe ọkọ rẹ̀ tí fóònù kò lọ, nígbà tí aboyún náà fúnra rẹ̀ lè fọwọ́ síwèé.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí omirà bá já, bí orí bá ń fọ́ tí ojú sì ń ṣú, bí gìrì bá gbé yín, tàbí tí ọmọ ò yí mọ́, ẹ má dúró de ìrọbí, ẹ máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní alẹ́ òní, ẹ jókòó ti ìyá yín, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ ṣí àpótí náà, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀.