Ǹjẹ́ omi tí a ń mu sí oúnjẹ lè ba iṣẹ́ oje inú ikùn jẹ́?

Ìbéèrè

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí àyà ti máa ń ta mí, pàápàá tí mo bá dùbúlẹ̀ lálẹ́. Àwọn kan ní omi tí mo ń mu sí oúnjẹ ló ń fà á, pé ó ń fọ oje inú ikùn dànù, tí oúnjẹ kò fi ní dà dáadáa. Mo ti jáwọ́ nínú omi mímu sí oúnjẹ, síbẹ̀ n kò rí ìyàtọ̀ kankan. Wọ́n fún mi ní omeprazole, oògùn tó ń dín oje kíkan inú ikùn kù, nílé ìwòsàn, mo sì máa ń lò ó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, nígbà tí mo bá fẹ́ sùn, àmọ́ òun náà kò fi bẹ́ẹ̀ ràn mí lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ara ṣe ń mọ iye oje tó yẹ kó ṣe? Ṣé lóòótọ́ ni omi lè dà á rú?

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ẹ máa mu omi yín. Àkókò tí ẹ ń lo oògùn yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ yí padà, ohun kan náà ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ara kì í ṣe oje tó ń mú oúnjẹ dà jọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan tí omi lè fọ̀ lọ. Bí a bá ṣe ń jẹun ló ń ṣe é, ó ń wọn bó ṣe le tó, ó sì ń dá a dúró nígbà tó bá ti tó.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí oje náà ṣe pọ̀ tó. Lójúmọ́ kan, itọ́ tó ń jáde lẹ́nu àgbàlagbà tó lítà 1 sí lítà 1.5, oje tí ikùn ń ṣe sì tó nǹkan bíi lítà 2. Tí a bá fi ti ẹ̀dọ̀, ti pancreas (ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn ikùn) àti ti ìfun fúnra rẹ̀ kún un, gbogbo rẹ̀ á tó lítà 7. Ẹ wá fi nǹkan bíi lítà 2 tó ń ti ẹnu wọlé nínú oúnjẹ àti omi lé e, ó di lítà 9 tó ń gba inú ìfun kọjá lójoojúmọ́. Ìfun ń fà á padà sínú ara tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ohun tó ń bá ìgbẹ́ jáde kì í sábà tó ìdá kan nínú ìdá márùn-ún lítà 1. Nínú irú omi tó pọ̀ báyìí, ife omi kan tàbí méjì kò lè da nǹkan kan rú.

Kí oúnjẹ tó kan ẹnu rárá ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Òórùn oúnjẹ, rírí rẹ̀, àní ríronú nípa rẹ̀ lásán, ti tó kí ọpọlọ fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹṣẹ́ tó ń ṣe itọ́, kó sì tún ránṣẹ́ sí ikùn gba inú iṣan gígùn kan tí wọ́n ń pè ní vagus, èyí tó ti orí sọ̀ kalẹ̀ wá sínú ikùn. Ní ti itọ́, àṣẹ láti inú àwọn iṣan yìí nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń tẹ̀ lé, ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ń gbẹ kíákíá tí ẹ̀rù bá bà wá. Ivan Pavlov, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1904 nítorí iṣẹ́ tó ṣe lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà, fi bí ọ̀rọ̀ ti ikùn ṣe rí hàn lára ajá. Ó ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn ajá náà lọ́nà tí oúnjẹ tí wọ́n bá gbé mì fi ń gba ọrùn jábọ́ síta láì dé ikùn, síbẹ̀ oje ń ṣàn nínú ikùn wọn bí wọ́n ṣe ń jẹun. Lára ènìyàn, nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ásíìdì (èròjà kíkan inú oje ikùn) tí oúnjẹ kan máa ń mú jáde ló ń wá láti inú àṣẹ ọpọlọ yìí.

Ikùn ló ni ipa tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Bí oúnjẹ bá ti balẹ̀ síbẹ̀, ikùn á fẹ̀, purotéènì inú oúnjẹ á sì kan àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó wà ní apá ìsàlẹ̀ ikùn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí á tú họ́mọ́nù kan (ohun tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ jíṣẹ́ fún ẹ̀yà ara) tó ń jẹ́ gastrin sínú ẹ̀jẹ̀. Gastrin á bá ẹ̀jẹ̀ yí ká ara, á padà dé apá òkè ikùn yẹn náà, á sì mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn níbẹ̀ tú ohun mìíràn tó ń jẹ́ histamine jáde. Histamine ló wá ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ásíìdì jí. Ohun tín-ín-tín kan wà lára wọn tí àwa oníṣègùn ń pè ní proton pump, òun ló ń ti ásíìdì jáde sínú ikùn, tí ásíìdì náà á fi le ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ ní ìlọ́po tó ju mílíọ̀nù 1. Ara ògiri ikùn gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò ṣe pé omi kan tó ki, tó sì ń yọ̀, bò ó láti inú.

Irú agbára bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀ láìsí ìjánu, ibẹ̀ sì ni ìdáhùn ọ̀rọ̀ omi wà. Òṣùwọ̀n pH ni a fi ń wọn ásíìdì, nọ́ńbà rẹ̀ a sì máa kéré sí i bí ásíìdì bá ṣe ń le sí i. Nígbà tí ikùn bá ṣófo, pH rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 1 sí 2. Tí oúnjẹ bá wọlé, purotéènì inú rẹ̀ á gba ásíìdì sára, pH á sì gòkè dé 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ò rí i pé oúnjẹ fúnra rẹ̀ ń rọ ásíìdì lágbára ju omi lọ, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àkókò tó gùn ju ti omi lọ. Ikùn kò ka èyí sí ewu rárá. Bí pH ṣe gòkè yẹn ló ń jẹ́ kí gastrin máa tú jáde láìsí ìdènà. Bí ásíìdì bá sì ti pọ̀ tó tí pH padà sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 3, họ́mọ́nù mìíràn tó ń jẹ́ somatostatin á jáde láti dá gastrin dúró. Omi tí a bá mu nígbà tí ikùn ṣófo lè sọ ásíìdì di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, nítorí omi kì í pẹ́ níbẹ̀, ikùn á sì tètè dá ásíìdì rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè sọ nípa omi fún ẹni tí àyà ń ta ni pé kó má ṣe mu ún ní àmujù lé oúnjẹ lórí, nítorí ikùn tó bá kún dẹ́nu máa ń ti ohun inú rẹ̀ padà sókè.

Nígbà tí oúnjẹ bá ti ikùn dé ìfun kékeré, ìfun ló ń pàṣẹ. Lọ́dún 1902, ní Lọ́ńdọ̀nù, William Bayliss àti Ernest Starling gé gbogbo iṣan tó lọ sí apá kan nínú ìfun ajá, wọ́n sì da ásíìdì sínú rẹ̀. Pancreas ṣì ń tú oje jáde, bẹ́ẹ̀ iṣan kankan kò sí níbẹ̀ mọ́ tí ìròyìn lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n wá ha inú ìfun, wọ́n pò ó mọ́ ásíìdì, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n sì fún ajá náà lábẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, ni oje bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Wọ́n pe ohun tí wọ́n rí yìí ní secretin. Láti inú iṣẹ́ yìí ni Starling ti mú ọ̀rọ̀ náà họ́mọ́nù jáde ní ọdún 1905. Secretin ló ń mú kí pancreas da omi oníbaikábọ́nètì sínú ìfun láti pa ásíìdì tó ń ti ikùn bọ̀. Tí ásíìdì náà bá ti kú, secretin fúnra rẹ̀ á dáwọ́ dúró.

Ọ̀rá àti purotéènì ń jí họ́mọ́nù mìíràn tí wọ́n ń pè ní CCK. Òun ló ń fún àpò òróòro pọ̀ kí òróòro lè tú sórí ọ̀rá, òun náà ló sì ń mú ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn èròjà tó ń gé oúnjẹ sí wẹ́wẹ́, jáde láti inú pancreas. Àwọn Yorùbá ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, àmọ́ àwọn ẹ́ńsáìmù yìí mú tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ṣe ni pancreas ń ṣe wọ́n jáde láìtíì lágbára. Inú ìfun ni ẹ́ńsáìmù mìíràn ti ń ta ọ̀kan lára wọn tó ń jẹ́ trypsin jí, trypsin á sì jí àwọn yòókù. Tí wọ́n bá jí nínú pancreas kí wọ́n tó jáde, àìsàn tó le ló ń yọrí sí, òkúta inú àpò òróòro àti ọtí líle ló sì sábà máa ń fà á.

Ó wá kan oògùn yín. Omeprazole kì í fọwọ́ kan ásíìdì tó ti jáde. Ìfun ló ń gbà á sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ásíìdì, proton pump tó bá sì wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ló lè mú. Láàárín wákàtí díẹ̀, ó ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Tí ẹ bá lò ó lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ tí ẹ sì sùn, ọ̀pọ̀ proton pump yín ni kò sí lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí oògùn bá dé, oògùn á sì kọjá lọ. Ẹ máa lò ó ní ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 1 kí ẹ tó jẹun àárọ̀, nítorí lẹ́yìn oorun òru ni proton pump pọ̀ jù, oúnjẹ àárọ̀ ló sì ń jí wọn. Ẹ gbé kápúsù náà mì lódindi, ẹ má ṣe rún ohun inú rẹ̀, torí ásíìdì ń ba oògùn náà jẹ́. Ẹ fún un ní ọjọ́ 3 sí 5 kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ní ti alẹ́, ẹ jẹun tán ní wákàtí 3 kí ẹ tó dùbúlẹ̀, kí ẹ sì gbé apá orí ibùsùn yín ga díẹ̀.

Tí ẹ bá ti lò ó fún oṣù bíi mélòó kan, ẹ má ṣe dá a dúró lójijì láìbá dókítà yín sọ̀rọ̀. Ìjánu tí mo ṣàlàyé lókè yẹn ló fà á. Nígbà tí ásíìdì bá ti kéré fún ìgbà pípẹ́, gastrin á ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, bí oògùn bá sì kúrò, ásíìdì á tú yàà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ó sì rò pé àìsàn náà ti burú sí i. Dídín in kù díẹ̀díẹ̀ ló dára. Ẹni tó bá sì ń lò ó fún ọdún púpọ̀ lè bi dókítà rẹ̀ bóyá ó yẹ kó ṣàyẹ̀wò vitamin B12, nítorí ásíìdì ló ń tú u kúrò lára oúnjẹ.

Tí oúnjẹ bá ń há yín lọ́fun, tí ẹ ń rù láìnídìí, tí ìgbẹ́ yín dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ẹ bì ẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe dúró de oògùn kankan, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Tí wọ́n bá sì fẹ́ wò ó bóyá bakitéríà Helicobacter pylori, tó ń fa ọgbẹ́ inú, wà nínú ikùn yín, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń lo omeprazole. Ó yẹ kí ẹ ti fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú àyẹ̀wò èémí tàbí ti ìgbẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èsì lè sọ pé kò sí kòkòrò náà nígbà tó ṣì wà níbẹ̀.