Ṣé Òkúta Lásán Ni Màmá Máa Rí ní Utah?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi ń bọ̀ wá kí mi láti Ìbàdàn lóṣù kẹjọ. Mo fẹ́ háyà ọkọ̀ ní Salt Lake City, kí n fi ọjọ́ mẹ́rin mú wọn yíká páàkì ìgbafẹ́ ńlá (national park) márààrún tó wà ní ìpínlẹ̀ Utah. Ẹ̀gbọ́n mi ní òkúta àti iyanrìn lásán ni wọ́n máa rí. Kí ni ìmọ̀ràn yín? — Àbíkẹ́yìn, Houston

ÌDÁHÙN: Àbíkẹ́yìn, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ọjọ́ mẹ́rin kéré fún páàkì márùn-ún. Títì nìkan ni Màmá yóò máa wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ mú méjì péré, Bryce Canyon àti Capitol Reef, kẹ́ ẹ sì máa sùn láwọn ìlú kéékèèké tó wà láàárín wọn.

Highway 12 lẹ máa gbà. Ó lé díẹ̀ ní 120 máìlì, mi ò sì tíì rí ọ̀nà tó wù mí tó o. Láti Bryce, ó gba ìlú Tropic, Escalante àti Boulder kọjá kó tó já sí Torrey, ìlú tó wà nítòsí Capitol Reef. Kẹ́ ẹ tó wọ Boulder, títì yóò gun ẹ̀yìn òkè tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Hogback: ọ̀gbun lọ́tùn-ún, ọ̀gbun lósì, kò sí irin létí títì. Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ gbà á, torí àgbọ̀nrín máa ń já sójú ọ̀nà lálẹ́. Boulder yìí jìnnà débi pé ìbaaka ló ń ru lẹ́tà lọ bá wọn títí wọ àwọn ọdún 1930.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, ẹ bá mi sọ fún wọn pé oko èso wà nínú Capitol Reef. Fruita lorúkọ ibẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ Mormon ló tẹ̀ ẹ́ dó létí odò Fremont lẹ́yìn ọdún 1880. Wọ́n gbin ápù, pear àti peach, ìjọba sì ń tọ́jú oko náà dòní. Oṣù kẹjọ gan-an ni peach ń pọ́n. Oko tí wọ́n bá kọ "U-Pick" (ẹ ká a fúnra yín) sí lẹ lè wọ̀. Àkàbà wà nílẹ̀, igi gígùn tí wọ́n fi ń ká tòkè náà wà. Èyí tẹ́ ẹ bá jẹ lábẹ́ igi, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé lọ, ẹ óò wọ̀n ọ́n fúnra yín, ẹ óò sì sanwó. Òkè pupa ga fíofío lẹ́yìn, ewé tútù yọ̀yọ̀ níwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Màmá jókòó síbẹ̀ dáadáa, ẹ má kán wọn lójú.

Bryce ga ju 8,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, òtútù sì máa ń mú níbẹ̀ lálẹ́, kódà lóṣù kẹjọ. Ẹ mú ṣúwẹ́tà fún wọn. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà láàárín Sunset Point àti Sunrise Point, ibi ìwòran méjì níbẹ̀, tẹ́jú, wọ́n da ọ̀dà sí i, ẹsẹ̀ àgbà gbà á. Tójò bá ṣú, ẹ má wọ àfonífojì tóóró kankan, torí àgbàrá ibẹ̀ ń pààyàn.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ pátápátá, ẹ ti fi máàpù sórí fóònù ṣáájú. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá ti rí ilé epo, ẹ ra epo kún táǹkì. Lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń tì láwọn ìlú yẹn, nítorí náà Sátidé ni kẹ́ ẹ ti ra oúnjẹ. Tẹ́ ẹ bá sì dé Fruita, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ ra páì èso ní Gifford House, ilé àtijọ́ kan tó ti di ṣọ́ọ̀bù. Kì í pẹ́ tán.