CoS Kì Í Ṣe Ọjà Títà: Ìdáhùn fún Ẹnjiníà Tó Fẹ́ Lọ Ṣiṣẹ́ ní UK

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹnjiníà tó ń ṣe ọ̀nà àti afárá ni mí, ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kan tí wọ́n júwe fún mi sọ pé òun á bá mi gba CoS (Certificate of Sponsorship, ohun tí agbanisíṣẹ́ ní UK fi ń gba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun) lọ́wọ́ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní £9,000. Ó ní tí mo bá ti dé ọ̀hún, kí n fi ibẹ̀ sílẹ̀, kí n wá iṣẹ́ ẹnjiníà tó wù mí. Ìlú wo ni iṣẹ́ ẹnjiníà ti pọ̀ jù ní UK? Ṣé IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣì pọn dandan? Ṣé ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì lè bá mi lọ lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn, torí ẹni náà ní kí n san ìdajì owó kí oṣù tó parí.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má san ìdajì, má tilẹ̀ san ìdá mẹ́rin. Ká fi ọ̀rọ̀ ìlú tí iṣẹ́ pọ̀ sí sílẹ̀ ná. Ohun tí ẹni yẹn ń pè ọ́ wá rà kò sí mọ́. Láti ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025 ni ìjọba UK ti dá gbígba òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú láti òkè òkun dúró. Àwọn tó ti wà nínú ìlú náà tẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣí àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ fún ọ lónìí pé òun ní CoS ilé ìtọ́jú fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi, bóyá kò mọ òfin, bóyá ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ ó rí i pé ìwọ ni o kò mọ̀ ọ́n. Ní tèmi, ti ẹ̀yìn yìí ni mo rò pé ó jẹ́.

Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi débi pé ó ti ń bí mi nínú. Kì í ṣe ìwọ ni inú ń bí mi sí o. Àmọ́ gbà mí láyè kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ká tiẹ̀ ní ọ̀nà ilé ìtọ́jú ṣì ṣí gbayawu, àṣìṣe tó wà nídìí ọ̀rọ̀ rẹ ṣì wà níbẹ̀. O rò pé CoS jẹ́ ohun tí èèyàn ń rà kó lè wọ̀lú, tó bá wá wọ̀lú tán, á máa wá iṣẹ́ kiri. Ẹ̀yìn lo ti mú un. Iṣẹ́ ló ń bí CoS, CoS kì í bí iṣẹ́.

CoS kì í ṣe bébà. Àkọsílẹ̀ kan ni lórí ẹ̀rọ ìjọba, ó sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí Home Office (ẹ̀ka ìjọba UK tó ń bójú tó físà) ti fún ní láísẹ́ńsì láti gba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun ló ń kọ ọ́ fún ẹnì kan pàtó. Orúkọ rẹ á wà níbẹ̀, àti iṣẹ́ tí o fẹ́ wá ṣe pẹ̀lú kóòdù rẹ̀, ibi tí o ti máa ṣe é, wákàtí tí o máa ṣe lọ́sẹ̀, àti iye tí wọ́n máa san fún ọ lọ́dún. Bí o bá wà lẹ́yìn odi, bíi tìẹ yìí, ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ Home Office fún un nítorí iṣẹ́ yẹn gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní Defined CoS. Bí wọ́n bá ti yàn án fún ọ, oṣù mẹ́ta péré lo ní láti fi béèrè físà. Físà tó bá ti inú rẹ̀ jáde so mọ́ ilé-iṣẹ́ yẹn àti iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó ra CoS tí kò sí iṣẹ́ nídìí rẹ̀ dà bí ẹni tó ra ìwé ìgbéyàwó tí kò ní ọkọ.

Wàyí o, "tí mo bá dé, kí n fi ibẹ̀ sílẹ̀." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Lóòótọ́, èèyàn lè kúrò lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn, ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ tuntun náà gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì, á fún ọ ní CoS tuntun, ìwọ náà á tún béèrè físà lọ́tun, á sì tún sanwó. Títí tí wọ́n á fi dá ọ lóhùn pé ó ti yọrí, o kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tuntun yẹn. Òfin fàyè gba iṣẹ́ àfikún tí kò ju 20 wákàtí lọ lọ́sẹ̀, èyí náà sì ní àwọn iṣẹ́ tó yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ ṣì máa ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fún ọ ní físà. Tí iṣẹ́ yẹn kò bá sí ńkọ́? Mo ti jókòó ti àwọn èèyàn tó balẹ̀ tán tí ilé-iṣẹ́ tó gbà wọ́n kò fún wọn ní wákàtí kan ṣoṣo. Nígbà tó yá, ìjọba gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, lẹ́tà sì dé pé wọ́n ti gé físà wọn kù sí 60 ọjọ́. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, kí wọ́n rí agbanisíṣẹ́ mìíràn tàbí kí wọ́n palẹ̀ mọ́. Wọ́n ti tàlẹ̀ kí wọ́n tó lọ o.

Ó yẹ kí o mọ ẹni tó yẹ kó sanwó CoS pẹ̀lú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìjọba gbé owó CoS kan dé £525, ilé-iṣẹ́ ló sì ń san án. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ló ń san owó mìíràn tí wọ́n ń pè ní Immigration Skills Charge, òfin sì ti kọ̀ ọ́ tipẹ́ pé kí wọ́n yí i sórí òṣìṣẹ́. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n ti fi owó CoS àti owó láísẹ́ńsì kún àwọn ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ gbà padà lọ́wọ́ rẹ. Èyí tó bá gbà á lè pàdánù láísẹ́ńsì rẹ̀. Àwọn tó ń bá èèyàn wá iṣẹ́ ní UK náà, òfin ọdún 1973 lórí iṣẹ́ wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbowó wá-iṣẹ́-fún-mi lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, àfi nínú iṣẹ́ díẹ̀ bí eré orí ìtàgé. Nítorí náà, béèrè lọ́wọ́ ẹni yẹn pé kí ló fẹ́ fi £9,000 ṣe. Èmi kò rí ojú ihò kan nínú òfin tí owó yẹn lè gbà wọlé.

Má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ pé kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Òṣìṣẹ́ físà lè sọ pé òun kò fún ọ ní físà bó bá rí ìdí tó mọ́gbọ́n dání láti gbà pé iṣẹ́ náà kò sí, tàbí pé wọ́n kàn dá a sílẹ̀ nítorí físà. Wọ́n lè pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: kí ni iṣẹ́ rẹ á jẹ́, ta ló fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò kí wọ́n tó gbà ọ́, ta ni ọ̀gá rẹ? Ẹnjiníà afárá tó ní òun fẹ́ lọ wẹ arúgbó, kí lo fẹ́ sọ? Bí wọ́n bá wá rí i pé o fi ẹ̀tàn béèrè, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ fún ọdún mẹ́wàá. Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó ti sanwó rí ni èyí máa kàn o. Ohun tí èèyàn mọ̀ àti ohun tó kọ sínú ìwé rẹ̀ ni wọ́n ń wò, agbẹjọ́rò tó bá rí ìwé ọ̀hún nìkan ló sì lè sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ gan-an wà lára èyí tí òfin fàyè gbà. Láti ọjọ́ 22 oṣù keje tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ tó bá wà ní ìpele oyè yunifásítì ló kù fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń bọ̀ láti òde, iṣẹ́ ẹnjiníà rẹ sì wà níbẹ̀. Owó ọdún rẹ gbọ́dọ̀ tó £41,700 ó kéré tán, tàbí iye tí ìjọba kọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. O kò nílò láísẹ́ńsì kankan kí o tó lè ṣiṣẹ́ ẹnjiníà lásán ní UK. Ti nọ́ọ̀sì yàtọ̀, NMC ló ń forúkọ wọn sílẹ̀, GMC sì ń ṣe ti dókítà. Oyè Chartered Engineer tí o máa ń gbọ́, ẹni tó bá wù ló ń gbà á, àmọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, o sì lè bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ lọ́dọ̀ Institution of Civil Engineers láti ibi tí o wà.

Ní ti èdè, bẹ́ẹ̀ ni, ó pọn dandan, wọ́n sì ti gbé e sókè sí ìpele B2 (ìpele ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa) láti ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 2026. Bó bá jẹ́ IELTS lo fẹ́ ṣe, èyí tó ní UKVI nínú orúkọ rẹ̀ ni kí o ṣe. Bí wọ́n bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ ní yunifásítì, Ecctis, àjọ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí òkè òkun wò ní UK, lè jẹ́rìí sí i, ìwé wọn á sì dípò ìdánwò.

Wá iṣẹ́ bí ẹnjiníà ṣe ń wá iṣẹ́. Àtòjọ gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ní láísẹ́ńsì wà lórí GOV.UK lọ́fẹ̀ẹ́. Pé orúkọ ilé-iṣẹ́ kan wà níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé wọ́n ń gba èèyàn, ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀, má fi àkókò rẹ ṣòfò. Lọ sórí ojú-ìwé ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, kí o sì kọ̀wé síbẹ̀. O béèrè ìlú: ìlú tí iṣẹ́ bá wà náà ni. Èmi á ní kí o wo ẹ̀ka omi dáadáa, torí Ofwat, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ omi, fọwọ́ sí ètò £104 bílíọ̀nù fún àwọn ilé-iṣẹ́ omi ní Íńgílándì àti Wales láti 2025 sí 2030, ẹnjiníà ni wọ́n sì máa fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. CV rẹ kò gbọ́dọ̀ ju ojú-ìwé méjì lọ. Yọ fọ́tò kúrò, yọ ọjọ́ orí kúrò, má kọ ẹ̀sìn rẹ síbẹ̀. Sọ afárá tí o ṣe, bó ṣe gùn tó, iye tó náni, ohun tí ọwọ́ tìrẹ ṣe nínú rẹ̀. Bí o bá mọ Eurocode (ìlànà Yúróòpù fún ìṣirò ilé àti afárá) lò, kọ ọ́. Ka DMRB, ìwé ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà àti afárá ńlá níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò rí bí àlejò mọ́ lójú wọn. Wọ́n á bi ọ́ bóyá o ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ ní UK. Dáhùn pé rárá, o nílò kí wọ́n gbà ọ́ lórí láísẹ́ńsì wọn. Ọ̀pọ̀ á pa ọ́ tì nítorí ìyẹn. Ó lè gba oṣù púpọ̀.

Bí o bá fẹ́ kí ẹnì kan bá ọ wo ìwé rẹ, wo orúkọ rẹ̀ lórí àkọsílẹ̀ Immigration Advice Authority (àjọ tó ń fún àwọn olùdámọ̀ràn físà ní àṣẹ), tàbí kí ó jẹ́ agbẹjọ́rò tó ní ìwé àṣẹ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá sí nínú méjèèjì ni kí o bá ṣeré lórí WhatsApp, kó má bá ọ dá sí físà. Èmi náà kò tíì rí ìwé rẹ, nítorí náà má fi ohun tí mo kọ yìí ṣe ìmọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ tìrẹ gan-an. Òfin yìí ń yí padà kíákíá. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ béèrè ni kí o wo iye tó wà lórí GOV.UK.

Ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ lè bá ọ lọ bó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹnjiníà lo bá lọ, ṣùgbọ́n múra owó. Owó ìlera ìjọba jẹ́ £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà, £776 fún ọmọdé, iye ọdún tí físà bá jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń gbà á. Fún ẹ̀yin mẹ́rin, lórí físà ọdún mẹ́ta, £10,866 nìyẹn, láì tíì ka owó físà ẹnì kọ̀ọ̀kan. £1,270 tún gbọ́dọ̀ wà ní báńkì rẹ fún 28 ọjọ́, ti ìyàwó àti ọmọ á sì kún un, àyàfi bí ilé-iṣẹ́ bá kọ ọ́ sínú CoS pé àwọn á dúró fún ọ. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan ń san owó ìlera fún òṣìṣẹ́ wọn, àwọn díẹ̀ ń san ti ìdílé pẹ̀lú. Béèrè kí o tó buwọ́ lùwé, kí o sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.